Ọ̀gá Tó Tẹ Àṣìṣe Ara Rẹ̀ Jáde

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bágbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Ẹ jẹ́ kí n fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀, torí pé ìtàn àgbà kan tó ṣubú gbì, tó sì wẹ̀yìn wò dáadáa, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ti ṣe próójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tó kàn mí, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ooru ṣe ń rìn nínú irin pẹlẹbẹ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ prógíráàmù náà. NEPA á mú iná lọ, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún mú un lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí èsì wá jáde, kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé apá kan irin yẹn ti gbóná ju oòrùn ojú ọ̀run lọ, pé apá kejì sì ti tutù kọjá ibi tí òtútù lè dé láyé. Irin tí mo kàn gbé sínú yàrá lásán o!

Ọ̀rẹ́ mi tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè bojú wolẹ̀, ó ní, "Kí ló ń dà ẹ́ láàmú? Yí àwọn nọ́ńbà yẹn díẹ̀, kí gíráàfù ẹ dùn ún wò. Ta ló máa mọ̀?"

N kò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé torí ìwà mímọ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí ni. Mo kàn ń ṣí ìwé numerical analysis mi gbuurugbu, ni mo bá kan orúkọ kan: Richardson. Gbogbo àwa tá a ṣe kọ́ọ̀sì yẹn la mọ Richardson extrapolation, torí ó máa ń jáde nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ta tiẹ̀ ni Richardson? Ọmọ ibo ni? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe jẹun? Lọ́jọ́ kejì, dípò kí n máa ṣe màgòmágó, mo gba láíbìrì lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àtèyí tí mo tún kà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo wá rò fún yín.

Wọ́n bí Lewis Fry Richardson ní ọjọ́ 11 oṣù October, ọdún 1881, ní ìlú Newcastle upon Tyne, ní àríwá England. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ 7. Ìjọ Quaker ni àwọn òbí rẹ̀ ń lọ, àwọn ìjọ yìí sì gbà pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà sí ọmọnìkejì rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ó kàwé ní King's College ní Cambridge, ó sì jáde ní 1903. Bí ẹ bá rò pé Cambridge ni gbogbo ilẹ̀kùn fi ṣí fún un, irọ́ ni. Láàárín ọdún mẹ́wàá, bó ṣe ń bọ́ síbí ló ń bọ́ sọ́hùn-ún. Ó ṣiṣẹ́ ní National Physical Laboratory, ó tún ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń wa pẹ́ẹ̀tì, ó tún ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe gílóòbù iná. Pẹ́ẹ̀tì yìí, ilẹ̀ irà ni, tí koríko ti jẹrà sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n fi ń dáná.

Ibi pẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni iṣẹ́ ayé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ rọrùn létí: ojú àgbàrá wo ni kéèyàn gbẹ́ kí omi lè fà nínú irà náà bó ṣe yẹ? Ó kọ differential equation rẹ̀ sílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé equation náà kò ṣeé tú lọ́nà tí wọ́n fi kọ́ wọn ní Cambridge, torí ojú ilẹ̀ kì í rí rogodo, kì í sì í rí gbọọrọ bíi ti inú ìwé.

Ọgbọ́n tó dá rèé. Kákúlọ́ọ̀sì ní kí a mú àlàfo tó kéré débi pé kò sóhun tó kéré tó o mọ́. Richardson ní rárá, ẹ jẹ́ ká mú àlàfo tó ṣeé fojú rí. Ká da ojú kéékèèké sí gbogbo ilẹ̀ náà, ká wá fi ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lásán wá nọ́ńbà ojú kọ̀ọ̀kan. Èsì rẹ̀ kò ní pé pérépéré, ṣùgbọ́n á sún mọ́ òótọ́. Bí ẹ bá tún un ṣe pẹ̀lú àlàfo tó kéré sí i, ẹ lè fi ìyàtọ̀ èsì méjèèjì mọ ibi tí òótọ́ gan-an forí pamọ́ sí. Ìyẹn ni extrapolation tí à ń há sórí láìmọ̀ pé inú irà ni wọ́n ti fà á yọ.

Ní 1910, ó fi ọgbọ́n yìí ṣírò bí ipá ṣe ń tẹ ara ògiri ìsédò olókùúta, irú èyí tí wọ́n fi sé odò Nile ní Aswan, ní Íjíbítì. Ìṣirò náà pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe. Ó bá gba àwọn ọmọkùnrin kan síṣẹ́. Ẹ rántí pé láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n ń pè ní computer. Èèyàn ni. Bó ṣe ń sanwó fún wọn náà, ìṣirò ni: ẹ ka iye díjíìtì tó wà nínú nọ́ńbà, ẹ fi 18 pín in, iye pẹ́nì tí ojú kan mú wá nìyẹn. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 3 á wá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà pẹ́nì. Ọ̀kan nínú àwọn tó yára jù ń ṣe ìṣirò 2,000 lọ́sẹ̀. Èyí tó bá ṣì, wọn kì í kà á mọ́ ọn.

Ó kó iṣẹ́ yìí lọ sí King's College pé kí wọ́n fi òun ṣe fellow. Wọn kò fún un. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1913, wọ́n gbà á sí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Britain, wọ́n sì rán an lọ ṣe olórí ibùdó Eskdalemuir, ní gúúsù Scotland. Ibi òkè ni, òjò pọ̀ níbẹ̀, èrò kò sí. Níbẹ̀ ló ti gbé ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó tíì gbìyànjú rẹ̀ tán. Vilhelm Bjerknes, ọmọ Norway, ti sọ ní 1904 pé ìṣirò físíìsì ni ojú ọjọ́: tí a bá mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí báyìí, tí a sì mọ òfin tó ń darí rẹ̀, ó yẹ ká lè mọ bó ṣe máa rí lọ́la. Bjerknes sọ ọ́. Richardson ní òun á jókòó ṣe é.

Ó pín òfuurufú Yúróòpù bíi bọ́ọ̀dù dráàfù. Ilé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 200, ó sì tún gé e sí ìpele 5 láti ilẹ̀ lọ sókè. Nínú ilé kan á ṣírò ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀, nínú ilé tó tẹ̀ lé e á ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó mú ni 20 May 1910, torí pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti panu pọ̀ fi bàlúùnù wọn òfuurufú nígbà náà, nọ́ńbà wà nílẹ̀. Ọjọ́ náà ti kọjá, gbogbo èèyàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣirò á sọ ohun kan náà.

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ogun àgbáyé kìíní ti ń jà. Ní 1916, Richardson fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò gbé ìbọn, ṣùgbọ́n kò jókòó sílé náà. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn Quaker tó ń wa ọkọ̀ áńbúláǹsì ní ilẹ̀ Faransé, ó ń kó àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun. Tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á jókòó sórí òkìtì koríko gbígbẹ nínú òtútù, á mú rúlà ìṣirò rẹ̀ jáde, á máa bá nọ́ńbà jà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe ojú ọjọ́ wákàtí 6 péré, fún ibi méjì péré lórí máàpù.

Ẹ wá wo kádàrá. Ní April 1917, nígbà ogun Champagne, ìwé tó kọ ọ́ sí sọnù. Ó tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó rí i ní Belgium, lábẹ́ òkìtì èédú.

Kí wá ni èsì? Ìṣirò rẹ̀ ní ní agbègbè Munich, ní Jámánì, ipá afẹ́fẹ́ máa fi mílíbà 145 lọ sókè láàárín wákàtí 6. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará Arts. Gbogbo ipá afẹ́fẹ́ ní etí òkun jẹ́ nǹkan bíi mílíbà 1,013. Kí 145 gorí rẹ̀ láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, kò ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà gan-an, bàrómítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Irin tèmi tó gbóná ju oòrùn lọ, àbúrò rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, tó bá jẹ́ yín, kí lẹ máa ṣe? Ẹ ti wà lójú ogun, ẹ ti sọ ìwé nù, ẹ ti rí i padà lábẹ́ èédú, èsì sì tún wá di yẹ̀yẹ́.

Richardson tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1922, Cambridge University Press gbé ìwé rẹ̀ jáde, Weather Prediction by Numerical Process. Gbogbo ìṣirò náà ló kó síbẹ̀, pátá pátá, pẹ̀lú 145 náà tó jókòó sójú ìwé bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ó wẹ̀yìn wò, ó sì sọ ibi tó fura sí: àwọn nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ kò dára. Ó ní ọ̀nà náà kò kú. Ó tiẹ̀ tún yàwòrán gbọ̀ngàn ńlá kan sọ́kàn àwọn òǹkàwé, níbi tí èèyàn 64,000 á jókòó máa ṣírò ojú ọjọ́ gbogbo ayé pọ̀, tí ọ̀gá kan á dúró láàárín, tí á máa tan iná sí àwọn tó bá sáré jù àti àwọn tó bá falẹ̀. Àwọn kan gbóríyìn fún ìwé náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ọ̀nà rẹ̀ lò. Èèyàn 64,000, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí wọn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ló kàn báyìí. Lẹ́yìn ogun, ó padà sí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́. Ní 1920, wọ́n fi ilé iṣẹ́ náà sábẹ́ àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ológun. Ó tún fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1926, Royal Society sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ó ń ṣèwádìí nígbà náà lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí po tí ó ń fọ́n nǹkan káàkiri. Ìyàwó rẹ̀, Dorothy, ló sọ èyí lẹ́yìn náà: nígbà tó yá, ó wá hàn pé àwọn tí iṣẹ́ náà ń wù jù ni àwọn tó ń ṣe gáàsì olóró. Richardson dá iṣẹ́ náà dúró, ó sì ba èyí tí kò tíì tẹ̀ jáde jẹ́.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ọkùnrin tí kò lè fi èsì tó burú pamọ́, òun náà ló ba èsì tó dára jẹ́. Ó jọ pé ó ta kora, àbí? Kò ta kora. Èyí tó burú, òun ni yóò dójú tì, ìyẹn kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó dára, ẹlòmíràn ni ìbá fikú gbèrè rẹ̀.

Ó wá gbé ìṣirò rẹ̀ sórí ogun fúnra rẹ̀. Nígbà tó ti lé lógójì ọdún, ó lọ jókòó ṣèdánwò pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́, ó sì gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa ọkàn èèyàn ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1929. Ọdún yẹn náà ló di olórí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Paisley, ní Scotland. Ní 1940, ó fi ìyẹn náà sílẹ̀ kó lè ráyè wádìí ohun tó ń fa ogun. Ó ka ìjà kéékèèké àti ńláńlá bí ẹni tó ń ka ìwọ̀n òjò. Ó bi ara rẹ̀ pé ṣé àwọn tí ààlà wọn gùn ló ń jagun jù? Ló bá lọ wo ìwé. Spain ní ààlà òun àti Portugal jẹ́ kìlómítà 987. Portugal ní 1,214 ni. Ààlà kan ṣoṣo o! Ó wá rí i pé bí rúlà tẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n bá ṣe kéré tó ni ààlà ń gùn tó, torí ó máa ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ní 1967, Benoit Mandelbrot mú èyí bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀ lórí etíkun Britain. Ibẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní fractal ti gbèrú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ojú ọjọ́. Ní 1950, ní Amẹ́ríkà, Jule Charney, Ragnar Fjørtoft àti John von Neumann gbé iṣẹ́ náà fún ENIAC, ẹ̀rọ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30. Klara von Neumann ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí prógíráàmù rẹ̀. Ojú ọjọ́ wákàtí 24 gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí 24, ìyẹn ni pé ọ̀la ń dé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó jọ òótọ́. Charney fi àwọn máàpù náà ránṣẹ́ sí Richardson. Bàbá ti di arúgbó. Ó pe Dorothy, ó ní kó fojú wò ó: ṣé máàpù tí wọ́n ṣírò ló jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ jù, àbí máàpù àná? Dorothy wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ṣírò fi díẹ̀ borí. Ó kọ̀wé padà, ó kí wọn kú iṣẹ́. Ó kú ní 30 September 1953, lẹ́ni ọdún 71.

Ibo gan-an ni 145 ti wá? Ẹ gbé abọ́ omi kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ gbá a létí. Omi á máa lọ, á máa bọ̀. Tẹ́ ẹ bá wo etí kan níṣẹ́jú àáyá tí omi ń gun òkè, tẹ́ ẹ wá ní bó ṣe máa gùn ún nìyẹn fún wákàtí 6, ẹ máa ní abọ́ náà á kún bo ilé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ àti nọ́ńbà ipá tó fi bẹ̀rẹ̀ kò bára mu, ìyẹn ló gbá abọ́ náà létí. Charney ti mú equation tí kò gba irú ìgbì bẹ́ẹ̀ láyè. Peter Lynch, ọmọ Ireland, wá tún ìṣirò Richardson ṣe, ó sì rí 145 yẹn gan-an. Nígbà tó pa ìgbì náà lẹ́nu mọ́ nínú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, èsì sún mọ́ ohun tí bàrómítà sọ. Ó lè ṣe èyí nítorí pé Richardson tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Ká ní ó yí nọ́ńbà kan ṣoṣo kí ojú má bàa tì í, ta ni ìbá rí ojú ọ̀nà náà? Ní 2008, Lynch yìí àti Owen Lynch gbé ìṣirò ENIAC sórí fóònù Nokia 6300. Kò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo gbé próójẹ́ẹ̀tì mi lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó o, pẹ̀lú irin mi tó gbóná ju oòrùn lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Má yọ ọ́ kúrò. Fi sí orí kẹrin bó ṣe rí. Ní orí karùn-ún, kí o sọ ìdí rẹ̀ fún wa." Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a. Mo ti gé àlàfo orí irin sí méjì kí èsì lè péye, mo sì fi àlàfo àsìkò sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó yẹ kí n gé e sí mẹ́rin. Courant, Friedrichs àti Lewy ti kìlọ̀ irú rẹ̀ láti 1928. Nígbà tí mo tún un ṣe, irin náà tutù wọ̀ọ̀ bí irin ọmọlúàbí.

Lọ́dọọdún, àjọ NiMet tí ìjọba wa dá sílẹ̀ ní 2003 ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àtìgbà tó máa dá. Tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ rántí ọkùnrin tó jókòó sórí koríko gbígbẹ. Bí wọ́n bá sì bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ìṣirò ṣe láyé yín, ẹ ní iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀: ilẹ̀ irà, ìsédò, òfuurufú, ààlà ilẹ̀, àti àlàáfíà. Ọ̀rẹ́ mi orí bẹ́ẹ̀dì òkè ti ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ báyìí. Lálẹ́ àná, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ó ní èsì òun kò bá ti ìwé mu. Mo ní kó jókòó, ká jọ wẹ̀yìn wò.